Ọmọ Mọ́kànlá, Ọwọ́ Méjì

Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n máa ń kó wá sí yàrá iwájú ilé Màmá Jẹ́lé láràárọ̀, ọwọ́ méjì péré sì ni Màmá ní. Jẹ́léósinmi ni gbogbo àdúgbò ń pe yàrá náà, wọ́n wá gé orúkọ rẹ̀ kúrú mọ́ obìnrin tó ni ín lórí. Ẹní mẹ́ta ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, àti fèrèsé kan tó kọjú sí títì, àti àpótí ìṣeré kan tí ìdérí rẹ̀ ti já. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ sí ilé ìdáná. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyí ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tó wà ní ìsàlẹ̀ títì. Ilé iṣẹ́ yẹn kọ́ òrùlé lé ọkọ̀ àwọn ọ̀gá lórí kí oòrùn má baà ba ọ̀dà ara wọn jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí pé obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun láti aago méje àárọ̀ lè ní ọmọ tí kò tíì lè dá jẹun. Wọn ò bi àwọn obìnrin náà, àwọn náà ò sì sọ. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní kó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ nílé.

Obìnrin méjì ló ń mójú tó yàrá náà tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìkejì Màmá lọ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan náà, ó sì kó ọmọ tirẹ̀ wá fún Màmá. Bí ọwọ́ ṣe dín méjì nìyẹn, tí ẹnu sì fi ọ̀kan lé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, orí oúnjẹ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ọmọ Màmá, tó ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, ti jí se ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀, ó fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹyin títí kò fi sí kókó kan nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin oṣù mẹ́tàdínlógún ni ọmọ náà. Ọ̀gá ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé bó bá ti na ìka sí nǹkan, yóò dúró máa wo ẹni tí yóò lọ gbé e wá. Eyín mẹ́fà ló ní, iwájú ni gbogbo wọn wà. Kò tíì sí ọ̀kan lẹ́yìn tó lè fi lọ nǹkan.

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ náà lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì rọra bẹ̀ ẹ́ pé ti inú rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fún Ọ̀gá, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ jẹ́ kó jókòó jẹ ẹ́, kó má máa rìn kiri tòun ti oúnjẹ lẹ́nu. Màmá kò bínú lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí abọ́, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo fi ọwọ́ yìí tọ́," ni ó wí. "Ọkọ rẹ wà nínú wọn. Kò sí èyí tí mo tẹ oúnjẹ fún bí arúgbó tí eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀."

Ìyàwó ní òun kò sọ pé Màmá ò mọ ọmọ í tọ́. Màmá ní ohun tó sọ gan-an nìyẹn, ó kàn fi ìkúnlẹ̀ wé e ni. Ọkọ ìyàwó náà jẹ́ jórinjórin, ó sì ń wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní àkókò yìí. Ó ní kí ìyàwó òun fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, aago ti lọ, ẹni tó sì ń bá ni tọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í tún ṣe òfin fún un. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fi ẹnu kan iwájú orí ọmọ, ó jáde. Kò sí ẹni tó sọ pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán fi máa kọjá, yàrá ti gbóná. Ọmọ méjì ń fa ọkọ̀ ìṣeré kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ti tọ̀ sára. Màmá ti wà lórí ìdúró láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ti dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń sọ fún un pé òun kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ ogún ọdún mọ́. Ó rò ó pé bí òun bá tètè fún wọn lóúnjẹ, oorun á gbé wọn, òun náà á fi ẹ̀yìn ti ògiri fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìrẹsì àti ẹyin ló sè. Ìyá ọmọ kan sì ti mú káróòtì wá láàárọ̀, ó ní ó ń ṣe ojú ọmọ lóore, Màmá wá gé e ní tútù, róbótó róbótó bí ẹyọ owó, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan.

Ó pín àwo tán, kò sì sí ẹni tó jókòó ti àwọn ọmọ. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ gbé tiwọn, wọ́n ń rìn kiri, ṣíbí lẹ́nu. Ọ̀kan gun orí àpótí ìṣeré, ó ń jẹun níbẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ẹṣin. Màmá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó, láti ilé ìdáná ló sì ti ń sọ ọ́, níbi tó ti ń wá aṣọ gbígbẹ fún ẹni tó tọ̀ sára.

Ọ̀gá wo abọ́ tirẹ̀, ó wo àwo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ti abọ́ náà kúrò níwájú. Àwọ̀ káróòtì ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó na ìka sí i. Nígbà tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ó bú sẹ́kún, ẹkún rẹ̀ sì máa ń ran ẹlòmíràn. Màmá jáde wá bá ẹkún mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mú káróòtì kan, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ó yá, jẹ ẹ́, ìyá mi." Ẹkún dá. Màmá sì yí padà sí ẹni tó tọ̀ sára.

Ohun tó dé kò pariwo. Ọ̀rọ̀ tí Màmá ń tún sọ títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé òun ìbá ti gbọ́ bó bá pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ló fa ìró rẹ̀ lẹ́yìn, ó ní Ọ̀gá ń ṣe ojú. Màmá ní kó lọ jókòó. Ọmọ náà kò lọ, ó tún fa ìró. Nígbà tí Màmá wẹ̀yìn, ó rí Ọ̀gá tó dúró gbagidi láàárín ẹní, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń wá nǹkan dìmú nínú afẹ́fẹ́. Kò húkọ́. Kò sunkún. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú.

Màmá fi ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìka rẹ̀ kan nǹkan kan tó ń yọ̀, nǹkan náà sì tún wọlé sí i. Ó gbé ọmọ náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó sáré bu omi, ó dà á sí i lẹ́nu, omi náà sì ń ṣàn padà sí àyà aṣọ. Ìgbà yìí ni ó ké. Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni ló pè, igbe lásán ni.

Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, obìnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Òru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Ìkíni tó ń gbà lẹ́nu àwọn ará ilé kò ju "ẹ kú ilé" lọ. Ariwo ọmọ kì í jí i mọ́, ó ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n igbe àgbàlagbà yìí jí i. Ó jáde tòun ti aṣọ tó fi sùn. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gba ọmọ náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ kan gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó sì fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kejì lù ú láàárín èjìká méjèèjì. Lílù náà le. Màmá na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí," ni agbálẹ̀ wí, kò gbójú sókè.

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ìgbà kẹrin, káróòtì náà bọ́ sórí ẹní, odindi, róbótó, bí ẹni pé kò tíì kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá fa èémí kan tó gùn, ó wá figbe ta. Kò tíì sí ẹkún ọmọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ létí nínú ilé yẹn. Màmá jókòó síbi tí ìrẹsì ti dà, kò mọ̀ pé orí ìrẹsì ni òun jókòó lé.

Lẹ́yìn tí ẹkún náà rọlẹ̀ ni agbálẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní kí òun tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì kan máa ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní nǹkan yìí, òun a sì máa nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti nu ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ohun tí wọ́n ń wí nínú yàrá yẹn, òun lè kà á bí ẹni ka ìwé. Ó ní kí wọ́n ṣì gbé ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò, òun á jókòó ti àwọn mẹ́wàá yòókù. Màmá fẹ́ pọ̀n ọ́n. Agbálẹ̀ ní rárá, kó gbé e síwájú, níbi tí yóò ti máa rí ojú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ni Màmá pè lórí fóònù. Jórinjórin bá a ní ilé ìwòsàn, awò iṣẹ́ ṣì wà níwájú orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún irin. Ó gba ọmọ, ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó gbá a mọ́ra títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà kó sọ òun kalẹ̀. Màmá béèrè bóyá kí àwọn pe ìyá ọmọ. Ó ní kí wọ́n má tíì pè é, ọ̀rọ̀ ti tán, kí ni wọ́n fẹ́ fi já a láyà lẹ́nu iṣẹ́ fún.

Àmọ́ aránṣọ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí fèrèsé Màmá. Ó ti rí Màmá tó ń sáré lọ tòun ti ọmọ láyà. Ó ní aṣọ fèrèsé kan láti gbé lọ sí ilé ìfọṣọ, aṣọ tí ì bá ṣì dúró di ọ̀la. Ó gbé e lọ lọ́sàn-án yẹn. Níbi tí alágbàfọ̀ ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ló ti bá a, ó sì kí i, "Ẹ kú ewu ọmọ o."

"Ọmọ wo?" ni alágbàfọ̀ béèrè.

Aránṣọ wo ojú rẹ̀, ó rí i pé òun ti dé ṣáájú ẹni tó yẹ kó wá sọ ọ́. Ó ní òun rí Màmá tó gbé Ọ̀gá sáré gba ọ̀nà ilé ìwòsàn. Alágbàfọ̀ kò mọ ìgbà tí òun yọ wáyà áyọ́ọ̀nù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un lẹ́yìn náà pé ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa, ó fi lé orí àwọn yòókù, kó tó bẹ́ sí títì.

Nọ́ọ̀sì ti ń gbọ́ àyà Ọ̀gá nígbà tí alágbàfọ̀ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì ní àyà mọ́, èémí ń lọ geere, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ikọ́ tí kò lọ, tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń dún, kí wọ́n gbé e padà kíákíá. Ó wá béèrè ẹni tó jókòó ti àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń jẹun. Jórinjórin yára dáhùn pé Màmá àwọn wà níbẹ̀.

"Mo gbọ́ pé wọ́n wà níbẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ta ló jókòó?"

Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò jókòó," ni ó wí. "Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n. Mo dúró láti àárọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó ní kó na ìka ọwọ́ Ọ̀gá tó kéré jù lọ, ó ní ọ̀nà tí èémí ọmọ yìí ń gbà wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ìka yẹn lọ. Ohun tó bá rí róbótó, tó le, á lọ dí i bí ìdérí ṣe ń dé ìgò. Ó ní kí wọ́n máa se káróòtì títí ìka méjì á fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́ ní gígùn, kí wọ́n má fi ẹ̀pà àti súìtì líle sún mọ́ irú ọmọ báyìí rárá. Bí ọmọ bá ń húkọ́, kí wọ́n jẹ́ kó húkọ́, ikọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún un. Bí kò bá ti lè húkọ́ mọ́, ẹ̀yìn ni kí wọ́n lù, kí ẹnì kan sì máa sáré wá ìrànlọ́wọ́. Kí wọ́n má sì ti ìka bọ ibi tí ojú wọn ò dé. Ó ká aṣọ ìnura, ó ṣe é bí ọmọ, ó ní kí Màmá fi han òun. Màmá lù ú jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Kì í ṣe ìpẹ̀ ni ẹ ń pẹ̀ ẹ́, Màmá." Ó tún un lù. Nọ́ọ̀sì wá fi ohun tí wọ́n máa ṣe hàn wọ́n bí lílù ẹ̀ẹ̀márùn-ún kò bá ràn án: ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn aṣọ náà, ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, ó fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó tún padà sí ẹ̀yìn. Jórinjórin pẹ̀lú ṣe é. Alágbàfọ̀ ṣe é kẹ́yìn.

Ìta, lábẹ́ fèrèsé, ni ó ti sọ̀rọ̀.

"Màmá mọ̀, ìwọ mọ̀, aránṣọ mọ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo gbọ́ kẹ́yìn."

Ọkọ rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Ìyàwó rẹ̀ ní àyà òun ti já, ojú títì ló já sí. Ọkọ rẹ̀ rò pé ó tán, ọkọ náà wá sọ ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀. Ó ní bí àwọn òbí yòókù bá dé nírọ̀lẹ́, kí gbogbo wọn sọ pé ibà ló ṣe Ọ̀gá. Owó tí àwọn ìyá ọmọ ń san ní yàrá yẹn ló ń bọ́ ìdajì ilé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé oúnjẹ há ọmọ lọ́fun níbẹ̀, ìyá kan ò ní mú ọmọ wá lọ́la mọ́. Ó ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ṣé kò gbọ́ ọ rí ni.

Ìyàwó rẹ̀ wo ọmọ tó ń sùn ní èjìká òun. "Tiwa ló yè yìí," ni ó wí. "Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni lọ́la ńkọ́?"

Fèrèsé tó wà lókè orí wọn kò ní gíláàsì, Màmá sì wà lórí bẹ́ǹṣì nídìí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Wọ́n jọ rìn lọ sílé, àgbàlagbà mẹ́ta àti ọmọ kan, kò sì sí èyí tó bá ìkejì rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Àwọn èèyàn ti dúró síwájú ilé kí wọ́n tó dé. Ọ̀rọ̀ ti dàgbà láàárín wákàtí mẹ́ta: àwọn kan ní ọmọ méjì ni, àwọn kan ní wọ́n ti gbé òkú lọ. Ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ ohùn òun ní ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Màmá gba àárín wọn kọjá. Nínú yàrá, ọmọ mẹ́wàá jókòó kalẹ̀ lórí ẹní, agbálẹ̀ wà láàárín wọn, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún oorun, ó ń kọrin kan tí kò mọ parí fún wọn. Ó kù díẹ̀ kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú àwọn obìnrin náà. Jórinjórin ti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó ní kí wọ́n má fetí sí ẹjọ́ àdúgbò, ibà díẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, dákẹ́," ni Màmá wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó jáde. Ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú.

"Kì í ṣe ibà. Káróòtì ló há ọmọ ọmọ mi lọ́fun. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo fún un, mi ò sì jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, gbogbo ohun tí mo ṣe ló burú. Obìnrin tó ń sùn lẹ́yìn ilé ìdáná ló yọ ọ́. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọmọ mọ́kànlá ti pọ̀ jù fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Obìnrin kan wọlé, ó mú bàtà àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kò wọ̀ ọ́ fún wọn, ó kó wọn lọ ní ẹsẹ̀ lásán. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò jàre. Èyí tó mú káróòtì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá sọ fún un pé káróòtì kò ṣẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ ìkejì Màmá tẹ́lẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Onígbàjámọ̀ kan, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn tó jókòó lórí ẹní, ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, gbogbo àwọn sì ti ń wo Màmá bó ṣe ń dá ẹrù yìí gbé, nítorí pé ó rọ àwọn lọ́rùn láti máa wò ó. Ó ní láàárín aago méjìlá sí aago kan, kò sí ẹni tó ń wá gẹrun lọ́dọ̀ òun, òun lè wá jókòó tì wọ́n jẹun. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ọkùnrin mọ̀ nípa oúnjẹ ọmọ. Ó ní bóyá òun ò mọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n ogún ọdún lòun ti fi ń di orí ọmọ mú kó má mì, ẹni tó bá rò pé jíjókòó jẹun le ju ìyẹn lọ, kó gbé ọmọ rẹ̀ wá kó wá gé irun fún un. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Màmá pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni ìkejì Màmá tẹ́lẹ̀ gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin mẹ́fà tó wà níbí lè máa gba àkókò ìsinmi ọ̀sán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa wá lójoojúmọ́. Ó tún ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, pé ní ọjọ́ Ajé, kí gbogbo àwọn jọ lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ yàrá àti obìnrin méjì tí wọ́n máa sanwó fún. Ẹnì kan ní wọ́n á lé àwọn. Ó ní wọ́n lè lé ẹnì kan. Bí àwọn bá jẹ́ ogójì, ta ni yóò po ìyẹ̀fun? Kò sí ẹni tó búra pé òun á lọ. Àmọ́ kò sí ẹni tó ní òun ò ní lọ, mẹ́ta nínú wọn sì ń ka orúkọ àwọn mìíràn tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀.

Màmá ní kí wọ́n gbọ́ ọ̀kan sí i. Bí ọmọ bá ti ju mẹ́jọ lọ, òun ò ní gbà, bó ti wù kó rí. Jórinjórin fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde láti inú ilé, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá tòun ti ọmọ lọ́wọ́, èjìká kan èjìká. Jórinjórin yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wọn.

Agbálẹ̀ ti wọ aṣọ iṣẹ́. Àwọn tí kì í kí i ló yí i ká lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó fi ohun tó ṣe han àwọn. Ó fi ìrọ̀rí kan hàn wọ́n, lẹ́yìn náà ó gbé ìrọ̀rí náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ pẹ̀lú tò sórí ìlà. Màmá tún ṣe é, àyà rẹ̀ ò já mọ́ níbi lílù náà. Ó ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ó sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀ kejì lọ́jọ́ orí: ó pè é ní "ìyá mi", ó bi í bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Jórinjórin gbá yàrá. Ó ṣa ìrẹsì tó ti gbẹ kúrò lára ẹní pẹ̀lú èékánná, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe é. Lẹ́yìn náà ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ìbá ti pè é. Ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ọkọ rẹ̀ sì jókòó.

Ebi ti ń pa Ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, ó gé e wẹ́wẹ́, ó gbé e wá síwájú Màmá. Màmá fà sẹ́yìn. Ó ní kí ìyá rẹ̀ fún un fúnra rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ni ó wí.

"Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n, Màmá. Ẹ ṣáà jókòó."

Ó jókòó. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e nítan, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ojú rẹ̀ síwájú. Màmá bu kékeré, ó gbé e dé ẹnu rẹ̀, ọmọ gbà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú kọ ọ̀fun kan ṣoṣo. Wọn ò yára. Ní títì, ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ó ti gbé e mì?" ni Màmá béèrè.

Alágbàfọ̀ tẹ̀ síwájú, ó wo inú ẹnu ọmọ rẹ̀.

"Ó ti gbé e mì."

Màmá bu òmíràn.